Ta Ni Yóò Dán Ìdánwò Wò?

Ọ̀rọ̀ tí a gbé kalẹ̀ fún ìjíròrò lónìí dá lórí ọkọ̀ akérò àti ọkọ̀ ojú irin, pàápàá jù lọ ohun tí a fi ṣe inú wọn: àga tí èrò ń jókòó lé, ògiri tí wọ́n ń fara tì, àti fèrèsé tí wọ́n ń gbà wo ìta. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti wọ ọkọ̀ láti Kútọ̀ lọ sí Èkó, tàbí láti Láfẹ́nwá lọ sí Ayétòrò, yóò ti rí àga tí wọ́n fi abẹ fà ya, tí fóòmù inú rẹ̀ ti yọ síta. Yóò sì ti rí orúkọ àwọn ènìyàn tí a fi ìṣó họ sára ike ẹ̀yìn àga. Ìbéèrè tí ó sábà máa ń jáde lẹ́nu èrò ni pé, kí ló dé tí àwọn tí ó ṣe ọkọ̀ kò fi ohun tí ó le ṣe é? Ìbéèrè náà dára. Ṣùgbọ́n òmíràn wà lẹ́yìn rẹ̀ tí a kì í sábà béèrè: ẹni tí ó sọ pé ohun kan le, báwo ni ó ṣe mọ̀ pé ó le?

Yorùbá kì í fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pe agbára tí ó wà lára nǹkan. Gíláàsì le, ṣùgbọ́n kò yi. Òkò kan ṣoṣo tó láti fọ́ ọ wẹ́wẹ́. Awọ màlúù yi, ṣùgbọ́n kò le. A lè fi ọwọ́ ká a, síbẹ̀ ọwọ́ lásán kò lè fà á ya. Irin le, ó sì yi, ṣùgbọ́n ó wúwo, ó sì ń dípẹtà. Ohun tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń wá ni èyí tí yóò le, tí yóò yi, tí kò sì ní wúwo. Èyí ni ó sún wọn dé ìdí ohun èlò àdàpọ̀. Kò ṣòro láti lóye. Ẹni tí ó bá ti dúró níbi tí wọ́n ti ń da dẹ́ẹ̀kì ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì mọ̀ pé kọnkéré nìkan kò tó, àfi kí irin wà nínú rẹ̀. Kọnkéré ni ó ń gba ìwúwo sára, irin ni kò jẹ́ kí ó ya. Bákan náà ni fáíbà tí a fi ń ṣe ọkọ̀ ojú omi àti bọ́ńpà mọ́tò ṣe rí: fọ́nrán gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ni, tí a hun bí aṣọ, tí a sì tẹ́ ní ìpele-ìpele sínú oje ike tí yóò gan nígbà tí ó bá gbẹ. Gíláàsì tí òkò ń fọ́ yìí kan náà ni ó di ohun tí ó yi nígbà tí a sọ ọ́ di fọ́nrán, tí oje sì so ó pọ̀. Púpọ̀ nínú ògiri inú bọ́ọ̀sì àti ti ọkọ̀ ojú irin òde òní, irú àdàpọ̀ báyìí ni.

Bí ohun kan bá wá di èyí tí kò wúlò mọ́ ńkọ́? Ọ̀nà mẹ́rin ni a sábà máa ń gbà sọ ọ́. Ó gbó. Ó bàjẹ́. Wọ́n bà á jẹ́. Wọ́n jí i. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ẹlẹ́bi tirẹ̀. "Ó gbó" kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èrò ni ó ti jókòó lé àga náà, kò sì sí ohun tí ara rẹ̀ lè ṣe ju kí ó jẹ lọ. "Ó bàjẹ́" ń tọ́ka sí oòrùn, òjò àti ọ̀rinrin. "Wọ́n bà á jẹ́" fi hàn pé ọwọ́ ènìyàn wà níbẹ̀, ó sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. "Wọ́n jí i" yàtọ̀ pátápátá, nítorí ẹni tí ó ṣe é kò bínú sí ọkọ̀ rárá. Owó ni ó ń wá. Ìdánwò tí ó bá ọ̀kan mu nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò fi dandan bá èkejì mu.

Ilẹ̀ Ẹ̀gbá ti rí ìyàtọ̀ yìí láti ọjọ́ pípẹ́. Ní ọdún 1896 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà ojú irin láti Èkó wá sókè. Ó la ilẹ̀ Ẹ̀gbá kọjá, ó sì dé Ìbàdàn ní ọdún 1900. Nígbà tí owó orí tuntun dé ní ọdún 1918, ìbínú àwọn ará ìgbèríko Ẹ̀gbá ru sókè, ó sì di ohun tí a ń pè ní Ogun Adúbí títí di òní. Ní oṣù kẹfà ọdún náà, àwọn tí ń jà hú ojú irin, ọkọ̀ sì yẹ̀ kúrò lórí rẹ̀. Wọ́n wó ibùdókọ̀ Wásinmi pẹ̀lú. Ìjọba kó ọmọ ogun wá, ẹ̀mí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì bá ọ̀ràn náà lọ kí ó tó rọlẹ̀. Ǹjẹ́ bóòtù kan wà tí ìbá dá àwọn ènìyàn wọ̀nyí dúró? Rárá o. Ẹjọ́ owó orí ni, kì í ṣe ẹjọ́ irin. Bákan náà ni ó rí nígbà tí iná sọ nínú ọgbà bọ́ọ̀sì ní Oyíngbò àti Ojódù Berger ní Èkó, ní oṣù kẹwàá ọdún 2020: kò sí ike tàbí fáíbà tí a ṣe láti dúró níwájú irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni tà á fún ìjọba bí ẹni pé ó lè dúró.

Ọ̀nà ojú irin tuntun láti Èkó dé Ìbàdàn, tí ó gùn tó kìlómítà 157, ni wọ́n ṣí ní oṣù kẹfà ọdún 2021. Ibùdókọ̀ rẹ̀ ní Abẹ́òkúta wà ní Ládẹ̀rìn, orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká ni wọ́n sì fi pè é. Léraléra ni àjọ rélùwéè Nàìjíríà ti ké gbàjarè kiri orílẹ̀-èdè yìí nípa àwọn tí ń tú kílípì, ìyẹn irin kékeré tí ó di ojú irin mú mọ́ orí kọnkéré. Ẹni tí ń tú u kò bá ìjọba jà bí ti ọdún 1918. Oníṣòwò irin àlòkù ni ó ń tà á fún. Ọmọdé tí ń sọ òkò lu fèrèsé ọkọ̀ kò wá owó, kò sì bá ẹnikẹ́ni jà. Eré ni ó ń ṣe. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni a ń pè ní abanǹkanjẹ́. Bí a bá fi orúkọ kan pè wọ́n tí a sì fi ìdánwò kan ṣoṣo dúró dè wọ́n, a ti ṣi ọ̀nà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Àwọn ilé ìdánwò ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Fún ohun tí ń gbó, ẹ̀rọ kan wà tí ń yí ègé ohun náà lábẹ́ kẹ̀kẹ́ kéékèèké méjì tí ara wọn rí ṣákaṣàka. Bí ó bá ti yí i ní ìgbà ẹgbẹ̀rún kan, fún àpẹẹrẹ, wọn yóò gbé e sórí ìwọ̀n láti mọ iye tí ó ti jẹ kúrò lára rẹ̀. Fún òkò, wọn yóò ju irin olórí róbótó sílẹ̀ láti ibi gíga tí wọ́n ti wọ̀n. Fún ọ̀bẹ, abẹ tí a gbé ìwúwo lé ni wọn yóò fi gé awọ àga. Fún ọ̀dà àti tàdáwà, ẹgbẹ́ ASTM ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní ìlànà kan, D6578, tí ó ní kí a kọ nǹkan sára ohun náà, kí a jẹ́ kí ó gbẹ, kí a sì máa nù ún, láti orí aṣọ gbígbẹ títí dé orí kẹ́míkà tí ó gbóná jù lọ, kí a wo èyí tí yóò pa á rẹ́. Gbogbo èyí dára lójú, nọ́ńbà sì ń jáde láti inú rẹ̀. Nọ́ńbà a sì máa dá ènìyàn lójú ju bí ó ti yẹ lọ.

Ẹ jẹ́ kí a mú ìdánwò kan ṣoṣo kí a wò ó fínnífínní. Obìnrin tí ó lọ ra ìkòkò amọ̀ lọ́jà kì í fi ojú nìkan rà á. Yóò gbé e sókè, yóò fi eegun ìka kàn án, yóò sì tẹ́tí sílẹ̀. Bí ó bá dún gooro, yóò sanwó. Bí ó bá dún bí ohun tí ó ṣá, yóò gbé e padà, nítorí ó ti sán níbìkan tí ojú kò rí. Fáíbà nílò irú etí bẹ́ẹ̀ gan-an, nítorí àlébù kan wà lára rẹ̀ tí irin kò ní. Bí òkò bá ba irin, irin yóò tẹ̀ wọnú, gbogbo ayé yóò sì rí i. Bí òkò bá ba fáíbà, ara rẹ̀ lóde lè má ní ju àmì kékeré kan lọ, nígbà tí àwọn ìpele inú rẹ̀ ti ṣí kúrò lára ara wọn. Ẹni tí ó jókòó tì í kò ní mọ̀. Àwọn tí ń yẹ ara bàálù àti ọkọ̀ ojú omi wò a máa fi owó onírin tàbí òòlù kékeré kàn án, wọn a sì máa gbọ́ ohùn rẹ̀, bí ti obìnrin oníkòkò.

Ǹjẹ́ ìdánwò yìí ṣeé gbára lé? Ibí gan-an ni kókó ọ̀rọ̀ wà. Ẹni tí ó kan fáíbà tí ó sì wí pé ó sàn kò tíì fi ẹ̀rí kankan hàn. Èrò ọkàn rẹ̀ ni ó sọ. Bí a bá fẹ́ dán ìdánwò náà wò, ẹlòmíràn ni yóò mú ogún ègé fáíbà, tí yóò fi òkò ba díẹ̀ nínú wọn jẹ́, tí yóò kun gbogbo wọn ní ọ̀dà kan náà, tí yóò sì kọ nọ́ńbà sí wọn lẹ́yìn. Akànfáíbà yóò wá kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò sì kọ ìdájọ́ rẹ̀ sílẹ̀, "sàn" tàbí "sán", láì mọ ohun tí a ti ṣe sí èyíkéyìí. (Àmì ohùn kan ṣoṣo ni ó la àárín ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí, kí ó rọra kọ ọ́.) Lẹ́yìn náà ni a ó fi ayùn rẹ́ gbogbo wọn sí méjì kí a lè fi ojú rí inú wọn. Bí ó bá pe èyí tí ó sàn ní "sán", ó ṣì í, owó ni yóò sì ṣòfò, nítorí wọn yóò yọ ohun tí ó dára dànù. Bí ó bá pe èyí tí ó sán ní "sàn", ó ṣì í bákan náà, ṣùgbọ́n ẹ̀mí èrò ni ó fi wewu. Ìwé tí ó kó àṣìṣe méjèèjì pọ̀ sínú iye kan, tí ó ní "ó gba ìdá àádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún", ti fi ohun tí a fẹ́ mọ̀ pamọ́ fún wa.

Kò tán síbẹ̀. Akànfáíbà yìí gbọ́dọ̀ kan àwọn ègé kan náà ní ọjọ́ Ajé àti ní ọjọ́ Ẹtì, kí a wò ó bóyá ìdájọ́ rẹ̀ yóò bá ara mu. Lẹ́yìn èyí, kí a kó wọn fún ẹlòmíràn ní Ìbàdàn tàbí ní Òṣòdì, tí kò mọ ẹni àkọ́kọ́ rí. Ìlànà àgbáyé ISO 5725 ya ọ̀nà méjèèjì sọ́tọ̀: ti ọwọ́ kan náà tí ó tún un ṣe, àti ti ọwọ́ ọ̀tọ̀ ní ibòmíràn. Ọ̀pọ̀ ìdánwò ni ó ń yege ní ti àkọ́kọ́ tí ó sì ń kùnà ní ti èkejì. Nígbà náà ni a ó mọ̀ pé etí ẹnìkan ni a ti ń yìn, kì í ṣe ọ̀nà ìdánwò.

Ohun kejì ni ègé tí a ń gbé lọ fún ìdánwò. Aláró ní Ìtòkú kò ní rẹ odidi ìgàn aṣọ láì kọ́kọ́ rẹ ègé kékeré kan láti wo bí aró ṣe mú. Ṣùgbọ́n ara irú aṣọ tí ó fẹ́ rẹ ni ó ti gé e. Kò jẹ́ fi òwú dán an wò kí ó wá kó aṣọ ọ̀rá sínú aró. Àwọn tí ń ta ohun èlò ọkọ̀ kì í sábà ní irú ìwà òtítọ́ yìí. Ègé pẹlẹbẹ tí kò ní ihò, tí oníṣẹ́ tí ó dáńtọ́ jù lọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, ni wọ́n ń gbé lọ sí ilé ìdánwò. Èyí tí ó wà nínú bọ́ọ̀sì ní igun, ó ní ihò bóòtù, ẹlòmíràn ni ó sì fi ìkánjú ṣe é. Ìdí ihò bóòtù gan-an ni fáíbà ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ya.

Ojú ọjọ́ ńkọ́? Yàrá tí wọ́n ti ń dán ike wò ní ilẹ̀ Yúróòpù máa ń wà ní ìwọ̀n 23°C, pẹ̀lú ọ̀rinrin ìdá 50 nínú 100. Ìlànà ISO 291 tí ó fi èyí lélẹ̀ kò gbàgbé ilẹ̀ olóoru; ó ya 27°C àti ìdá 65 sọ́tọ̀ fún un. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni ó ti wọ inú bọ́ọ̀sì tí wọ́n tì pa sínú oòrùn ọ̀sán Abẹ́òkúta ní oṣù kejì ọdún tí yóò sọ pé 27°C ni ó bá níbẹ̀? Ooru ń mú oje ike rọ̀, ìtànṣán oòrùn ń mú kí ojú rẹ̀ gbó di ẹfun, eruku pupa ìgbà ọyẹ́ sì ń họ ọ́ bí ìyẹ̀pẹ̀ tí a fi ń fọ ìkòkò. Ọ̀dà tí ìbá ṣeé nù kúrò lára ike tuntun kò ṣeé nù kúrò lára èyí tí ó ti ní ihò wínníwínní. Nítorí náà, kí a kọ́kọ́ jẹ́ kí ohun náà gbó kí a tó kọ nǹkan sí i lára. Ẹni tí ó bá dán ohun tuntun nìkan wò, ọjọ́ àkọ́kọ́ nìkan ni ó dán wò.

Àmọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti gbóná jù lọ ni ọ̀ràn iná. Ní ọjọ́ 18, oṣù kejì, ọdún 2003, ní ìlú Daegu ní Gúúsù Kòríà, ọkùnrin kan da epo sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, ó sì ṣáná sí i. Ọkọ̀ mìíràn wọlé sí ibùdó kan náà láti òdìkejì, iná sì ràn mọ́ ọn. Ènìyàn 192 ni ó kú, púpọ̀ nínú wọn sì wà nínú ọkọ̀ kejì yìí, tí ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní títì. Epo ni ó bẹ̀rẹ̀ iná náà. Fóòmù àga, awọ oníke, àti àdàpọ̀ fáíbà tí ó wà lára ògiri ni ó gbé e rìn, èéfín wọn sì ni ó pa ọ̀pọ̀ ènìyàn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tú inú àwọn ọkọ̀ wọn palẹ̀, tí wọ́n sì fi ohun tí kì í tètè jó rọ́pò rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tí àwọn onílànà ilẹ̀ Yúróòpù fi sínú ìwé EN 45545-2 wúlò púpọ̀ fún ìjíròrò wa. Wọ́n rí i pé àga tí awọ rẹ̀ pé kì í tètè gbiná, nítorí awọ náà bo fóòmù inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àga inú ọkọ̀ kì í pẹ́ pé bẹ́ẹ̀. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ní kí a kọ́kọ́ dán awọ náà wò pẹ̀lú abẹ. Bí abẹ bá gé e kọjá ààlà, àga tí a ti gé ni a gbọ́dọ̀ dáná sí, kì í ṣe èyí tí ó pé. Níbí, ìdánwò kan ń bá ìkejì sọ̀rọ̀. Abẹ tí ọmọ kan fi ń ṣeré ní ọ̀sán ni ó ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún iná òru. Ilé ìdánwò tí ó bá ṣe ti abẹ ní yàrá kan, tí ó ṣe ti iná ní yàrá kejì, pẹ̀lú ègé tuntun ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, lè fún ohun èlò kan ní ìwé ẹ̀rí méjì tí ó mọ́ tónítóní, kí ohun náà sì tún pa ènìyàn.

Fèrèsé náà ní tirẹ̀. Bí a bá fi ike tí òkò kò lè fọ́ ṣe é, orí èrò bọ́ lọ́wọ́ òkò. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀kùn bá há, tí èéfín sì kún inú ọkọ̀, fèrèsé tí kò ṣeé fọ́ láti ìta kò ní ṣeé fọ́ láti inú pẹ̀lú, àfi bí a bá ti ṣe é kí ó lè ṣí. Ẹni tí ó bá wọn bí ó ti le tó láì wọn bí ènìyàn yóò ṣe gba ibẹ̀ jáde, ìlàjì iṣẹ́ ni ó ṣe.

Àwọn kan yóò wí pé kí ni ó kan wa nínú gbogbo èyí, nígbà tí ó jẹ́ pé òkè òkun ni a ti ń ra ọkọ̀, tí ìwé ẹ̀rí sì ń bá a wá. Èsì rẹ̀ kò jìnnà. Ìwé ẹ̀rí náà sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú yàrá kan ní ìlú kan. Kò sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ láàrin Èkó àti Abẹ́òkúta. Pẹ̀lú èyí, ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, Igbákejì Ààrẹ ìgbà náà, Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò, fi ìpìlẹ̀ ilé iṣẹ́ tí yóò máa to ọkọ̀ ojú irin lélẹ̀ ní Kájọlà, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn yìí. Ẹni tí ó bá fẹ́ to ọkọ̀ gbọ́dọ̀ lè sọ ìdí tí ó fi yan ohun tí ó fi ṣe é. Àjọ SON wà fún òṣùwọ̀n ọjà, Pólì Moshood Abíọ́lá àti Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ sì wà ní Abẹ́òkúta, tí wọ́n ní ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ. Àwọn kan tún ń ṣàròyé pé ẹ̀rọ ìdánwò wọ́n. Òótọ́ ni, díẹ̀ nínú wọn wọ́n. Ṣùgbọ́n ohun tí a fi ń dán ìdánwò wò kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀: ogún ègé fáíbà, ọ̀dà, ayùn, àti ẹni tí kò mọ èyí tí ó jẹ́ èwo.

Ẹ̀rí tí ó ga jù lọ sì wà nínú ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Kí a mú oríṣi ohun èlò mẹ́rin, kí a tò wọ́n láti orí èyí tí ilé ìdánwò sọ pé ó dára jù títí dé èyí tí ó kẹ́yìn. Kí a wá fi wọ́n sínú àwọn ọkọ̀ tí ń ná ọ̀nà kan náà, láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò títí ọyẹ́ yóò fi kọjá. Ìwé àkọsílẹ̀ kan ni yóò wà fún ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, a ó sì pín ojú rẹ̀ sí mẹ́rin: ó gbó, ó bàjẹ́, wọ́n bà á jẹ́, wọ́n jí i. Ní òpin rẹ̀, a ó gbé ètò tí ilé ìdánwò tò sí ẹ̀gbẹ́ èyí tí ọ̀nà tò. Bí méjèèjì kò bá bá ara mu, ìdánwò ni a ó tún ṣe, kì í ṣe àkọsílẹ̀. Nípa ẹni tí yóò máa kọ ọ́, àwọn tí ń gbá inú ọkọ̀ tí wọ́n sì ń fọ̀ ọ́ lálẹ́ ni ó máa ń kọ́kọ́ rí ojú abẹ lára àga, kí onímọ̀ ẹ̀rọ tó gbọ́ rárá. Ọwọ́ wọn ni ó yẹ kí ìwé náà wà, kí a sì so bírò mọ́ ọn.